Nígbà Tí Ọ̀wọ̀ Di Owó: Ìtàn Àwọn Lẹ́tà Ńláńlá Ara Pósítà

(Ọ̀rọ̀ tí a fi ohùn sọ sí gúrúùpù wa ní alẹ́ Sátidé. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún àwọn tí dátà wọn kò gbé ohùn àti àwọn tó wà lójú ọ̀nà. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù.)

OHÙN KÌÍNÍ

  

Ó ti kàn mí lónìí. Àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti sọ ìtàn obì, wọ́n ti sọ ìtàn rélùwéè, wọ́n sì gbìyànjú gan-an ni. Ìtàn lẹ́tà ni tèmi. Kì í ṣe lẹ́tà tí à ń kọ ránṣẹ́ sílé o. Lẹ́tà A, B, D tó wà lára sáìnbọ́ọ̀dù àti báńà iwájú ṣọ́ọ̀bù yín yẹn ni mò ń wí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Tí mo bá parí, ẹ máa jáde lọ wo iwájú ṣọ́ọ̀bù yín lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó fà á nìyí. Ọdún tó kọjá ni mo tún ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ṣe ní Sábọ̀n Gàrí, níbí ní Kano. Àwọn tó mọ̀ wá mọ̀ pé àwo, ìkòkò àti bọ́kẹ́ẹ̀tì ni à ń tà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Ní 1974, wọ́n gbé sáìnbọ́ọ̀dù pákó kan kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà lára rẹ̀: Ọ̀WỌ̀ NI ÒWÒ. Átíìsì kan ló fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ́. Ó fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà, ó fi dúdú ṣe òjìji sí i lápá kan, ó wá kán àmì sísàlẹ̀ àwọn Ọ méjèèjì, àmì tó tóbi bíi kọ́bọ̀ ayé àtijọ́. Èèyàn máa ń rí i láti òdìkejì títì. Bàbá mi máa ń sọ fún wa pé ẹni tí kò bá bọ̀wọ̀ fún kọ́sítọ́mà, ẹrù ló rà, kò tíì ra ọjà.

Nígbà tó yá, ikán jẹ ìdí pákó náà. Mo bá pe ọmọkùnrin kan tó ń ṣe gráfíìsì ládùúgbò, ọmọ Hausa, ọmọ jẹ́jẹ́, pé kó bá mi ṣe báńà flex. Mo ní lẹ́tà tó dà bíi ti pósítà àtijọ́ ni mo fẹ́. Ó fi oríṣiríṣi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà, mo mú ọ̀kan tó sanra, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rí gbọngbọn bíi ti àga. Mo bá kọrí sí Èkó láti lọ ra ọjà. Ó fi fọ́tò iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, mo wò ó fìrí nínú ọkọ̀, mo ní ó dáa, kó gbé e kọ́.

Nígbà tí mo dé, ohun tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni OWO NI OWO.

Bàbá àgbà kan, ará Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ dúró níwájú rẹ̀. Wọ́n ní, "Alhaji, owó ni owó lóòótọ́! Ṣé ẹ ti wá sọ ọ́ ní gbangba báyìí?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó di alẹ́, ẹ̀rín yẹn kúrò lẹ́nu mi. Bàbá mi ní ọ̀wọ̀ ni òwò. Èmi ọmọ wọn wá kọ owó ni owó sí ẹnu ọ̀nà wọn, tí gbogbo ọjà ń kà á. Tí wọ́n bá wà láyé, wọn ì bá bá mi wí, ìyẹn ì bá sì ti tán ńbẹ̀. Wọn kò sí mọ́. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn.

Mo bi ọmọ náà léèrè. Ó ní, "Bàbá, mo kọ́kọ́ fi àmì yẹn sí i. Fọ́ǹtì yẹn kò ní in nínú." Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi hàn mí. Lóòótọ́ ni. Bó ṣe tẹ Ọ, W tó tẹ̀ lé e sanra, N sanra, ṣùgbọ́n Ọ fúnra rẹ̀ jáde ní tẹ́ẹ́rẹ́, ó dà bí ọmọ àlejò tó bá wọn dúró ya fọ́tò ẹbí. Kọ̀ǹpútà ti lọ yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn. Ọmọ náà rí i pé kò dáa lójú, ó bá yọ àmì kúrò kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba. Ó rò pé òun ń ràn mí lọ́wọ́ ni.

Mo ní, "Ta ló ń pinnu ohun tó máa wà nínú fọ́ǹtì?" Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé sùn, òun ni mo gbé jí. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń kàwé nípa rẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

OHÙN KEJÌ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìlú London, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn.

Kó tó dìgbà yẹn, ìwé kíkà ni iṣẹ́ lẹ́tà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Láti ìgbà tí Gutenberg ti tẹ Bíbélì ní ìlú Mainz ní Jámánì, ní nǹkan bí 1455, lẹ́tà kéékèèké ni wọ́n ń lò, irú èyí tí èèyàn lè jókòó tì kó máa kà. Lẹ́tà jẹ́jẹ́ ni. Kò pariwo.

Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1800, òwò gbóná ní London. Ìjọba ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tìrì, àwọn ilé tíátà ń wá èrò, àwọn onígbàǹjo ń wá oníbàárà, àwọn ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ṣin ń wá èrò ọkọ̀. Gbogbo wọn ń lẹ pósítà mọ́ ògiri, pósítà kan lórí òmíràn. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí tí àwọn mẹ́wàá bá ń kiri ọjà kan náà lójú títì kan. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá rinlẹ̀ jù ni wọ́n máa yíjú sí. Lẹ́tà ìwé kíkà kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń rọ lẹ́tà bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Robert Thorne wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rọ lẹ́tà tó sanra gan-an: wọ́n mú lẹ́tà ìwé, wọ́n fẹ ibi tó nípọn nínú rẹ̀ títí ó fi yọ ikùn, wọ́n wá fi ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ bíi fọ́nrán irun. Ní nǹkan bí 1815, Vincent Figgins gbé tirẹ̀ jáde, lẹ́tà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Irú èyí tí mo mú fún báńà mi nìyẹn, àfi pé èmi kò mọ̀ pé ó ti pẹ́ láyé tó bẹ́ẹ̀. Ní 1816, William Caslon kẹrin fi lẹ́tà mìíràn sínú ìwé àpẹẹrẹ rẹ̀, lẹ́tà tí kò ní ẹsẹ̀ rárá, igi lásán. Lẹ́tà ńlá nìkan ló ṣe fún un. Ó pè é ní lẹ́tà Íjíbítì, nítorí pé ọ̀rọ̀ Íjíbítì ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn nígbà náà. Kò sí ohun tó kan Íjíbítì nínú rẹ̀. Ṣé àwa náà kò mọ ọjà tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú òkèèrè tà?

Ẹ fi etí sí ibí yìí dáadáa. Kì í ṣe ọba ló ní kí wọ́n ṣe àwọn lẹ́tà yìí, kì í sì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ọlọ́jà ló béèrè fún wọn. Òwò ló bí wọn. Èmi ń pè wọ́n ní lẹ́tà ìpolówó, kí n lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára lẹ́tà ìwé kíkà.

Àwọn ọlọ́jà sì ni wọ́n lóòótọ́, nítorí ayédèrú kò jìnnà sí wọn. Ní 1845, Robert Besley gbé lẹ́tà kan tó ń jẹ́ Clarendon jáde ní London. Ó lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣe irú rẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré ni òfin fún un. Bí ọdún mẹ́ta yẹn ṣe pé, gbogbo àwọn tó ń rọ lẹ́tà ló da tiwọn síta. Títí dòní, Clarendon kún inú kọ̀ǹpútà ní oríṣiríṣi.

OHÙN KẸTA

Ẹ má bínú, kọ́sítọ́mà ló wọlé. Ó ra bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì. A dúpẹ́.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Òjé ni wọ́n ń fi rọ lẹ́tà. Wọ́n máa ń yọ́ ọ ni, wọ́n á dà á sínú mọ́ọ̀dù, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń da ìkòkò alumínì ṣe ń ṣe. Fún lẹ́tà kékeré, ó dáa. Ṣùgbọ́n tí lẹ́tà bá ti fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ó máa ń wúwo, ó máa ń wọ́n, tó bá sì ń tutù, ojú rẹ̀ kì í fẹ́ dọ́gba. Tó bá bọ́ sílẹ̀, ó fọ́ nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ tẹ pósítà tó ga bí èèyàn kò ní lè ra irú rẹ̀ tó.

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà ní New York tó ń jẹ́ Darius Wells. Ní 1827, ó ṣe ẹ̀rọ kan tí irin orí rẹ̀ ń yí bìrìbìrì, tó fi ń gbẹ́ lẹ́tà sára igi líle. Nígbà tó di 1828, ó tẹ ìwé àpẹẹrẹ lẹ́tà onígi jáde fún títà. Ní 1834, William Leavenworth so ẹ̀rọ yẹn mọ́ irin alápá méjì kan. Apá kan ń tọ ojú àwòrán lẹ́tà, apá kejì ń gbẹ́ irú rẹ̀ sára igi, ó lè tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì lè kéré sí i. Ìyẹn ni pé tí o bá ti ya lẹ́tà A kan ṣoṣo, o lè gbẹ́ ọgọ́rùn-ún A láti ara rẹ̀ ní ìwọ̀n tó bá wù ọ́. Igi fúyẹ́, kò wọ́n tó òjé, kì í sì í tètè fọ́.

Bí pósítà ṣe gba Amẹ́ríkà kan nìyẹn. Tí àwọn onísákọ́ọ̀sì bá fẹ́ dé ìlú kan, tí wọ́n bá fẹ́ ta ẹṣin, tí wọ́n bá ń wá olè, lẹ́tà onígi ni. Wọ́n ṣe èyí tó ga tó tẹ́ẹ́rẹ́ kí ọ̀rọ̀ gígùn lè gba orí ìlà kan, wọ́n ṣe èyí tó fẹ̀ kí ọ̀rọ̀ kúkúrú lè kún ìwé. Àwọn lẹ́tà tí ẹ máa ń rí nínú fíìmù Kọ́bọ́ì, tí orí àti ẹsẹ̀ wọn nípọn ju àárín lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá.

Ní 1880, J. E. Hamilton bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Two Rivers, ìlú kékeré kan ní Wisconsin. Ọgbọ́n tó lò ni pé ó ń gé ojú lẹ́tà láti ara pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi tí kò wọ́n. Owó ọjà rẹ̀ bá wálẹ̀. Ní bíi ogún ọdún, ó ti ra àwọn tó ń bá a díje, òun ló wá tóbi jù nínú òwò náà ní Amẹ́ríkà. Ẹ ò ri pé ọ̀rọ̀ ọjà kan náà ni níbi gbogbo.

Ní Paris, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Láti àwọn ọdún 1860, Jules Chéret ń ya pósítà sórí òkúta pẹlẹbẹ, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ya lẹ́tà mọ́ àwòrán. Toulouse-Lautrec náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó ya pósítà ilé ijó Moulin Rouge ní 1891. Àwọn wọ̀nyí kò lọ sí àpótí lẹ́tà kankan. Ọwọ́ wọn ni àpótí. Tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ tẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Tí èdè Faransé bá fẹ́ àmì lórí, wọ́n á fi sí i.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Átíìsì tó kọ sáìnbọ́ọ̀dù bàbá mi ní 1974 kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó kán àmì sísàlẹ̀ Ọ. Ó ní búrọ́ọ̀ṣì, ó ní ọ̀dà, ó mọ èdè. Ó tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo lẹ́tà tí a ti gbẹ́ sílẹ̀, ohun tó bá wà nínú àpótí nìkan ló lè lò. Àwọn tó gbẹ́ lẹ́tà ní New York àti Two Rivers ń gbẹ́ ẹ fún àwọn tó ń sanwó fún wọn, ìyẹn àwọn onítẹ̀wé Amẹ́ríkà. Kò sí ará Abẹ́òkúta kankan níbẹ̀ tó ń béèrè Ṣ.

OHÙN KẸRIN

Báwo ni lẹ́tà igi àtijọ́ ṣe wá dé inú kọ̀ǹpútà ọmọ Sábọ̀n Gàrí?

Àwọn tó ń fi ọwọ́ ya lẹ́tà ìpolówó ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ tiwọn di lẹ́tà ẹ̀rọ. Oswald Cooper ní Chicago, iṣẹ́ rẹ̀ ni yíya lẹ́tà fún ìpolówó ọjà. Ní 1922, lẹ́tà rẹ̀ kan jáde ní òjé, wọ́n pè é ní Cooper Black. Ẹni tó bá ní Microsoft Word lórí kọ̀ǹpútà ilé, kó lọ wò ó: lẹ́tà sísanra tí igun rẹ̀ gbogbo yí róbótó bí àkàrà. Ẹ máa rí Playbill náà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní 1938 láti ṣàfarawé àwọn pósítà tíátà àtijọ́. Brush Script wà níbẹ̀, ó jáde ní 1942, ó ń ṣe bíi pé búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tuntun dé, lẹ́tà onígi kò sì nílárí mọ́. Wọ́n ń dáná rẹ̀. Wọ́n ń tà á fún àwọn tó fẹ́ fi ṣe ilé lẹ́wà. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Rob Roy Kelly bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa á jọ nígbà tó ń kọ́ni ní Minneapolis. Ó wádìí ẹni tó gbẹ́ èyí, ọdún tí wọ́n gbẹ́ tọ̀hún, ó sì kọ ìwé lé e lórí, èyí tó jáde ní 1969. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ilé iṣẹ́ Adobe sọ irú àwọn lẹ́tà igi bẹ́ẹ̀ di fọ́ǹtì ní 1990, wọ́n sì fi orúkọ igi sọ wọ́n: Cottonwood, Ironwood, Juniper, Mesquite, Ponderosa. Ní Two Rivers, ìlú Hamilton, musíọ̀mù lẹ́tà onígi wà báyìí, lẹ́tà ibẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan.

Kì í ṣe pósítà nìkan ni wọ́n ń wò. Ní 2000, Tobias Frere-Jones ṣe fọ́ǹtì kan tó ń jẹ́ Gotham. Ibi tó ti rí i ni lẹ́tà irin tó wà lára gáráàjì bọ́ọ̀sì ńlá kan ní New York. Lẹ́tà gáráàjì o! Nígbà tó di 2008, Obama fi ṣe pósítà ìbò, ó sì wọlé.

Ṣùgbọ́n èyí tó dá mi dúró jù lọ ti Memphis ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1968, ọkọ̀ akólẹ̀ pa òṣìṣẹ́ méjì ní ìlú yẹn ní Amẹ́ríkà, Echol Cole àti Robert Walker. Ẹ̀rọ tó ń tẹ ìdọ̀tí ló tẹ̀ wọ́n pa. Àwọn akólẹ̀, tó jẹ́ pé èèyàn dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, bá daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Wọ́n gbé páálí sọ́wọ́, wọ́n ń rìn lójú títì. Ọ̀rọ̀ tó wà lára páálí náà kò pọ̀: èèyàn ni mí, ọkùnrin ni mí. Lẹ́tà rẹ̀ dúdú, ó tóbi, ó nípọn, wọ́n sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan kó lè dún dáadáa. Nítorí ọ̀rọ̀ wọn ni Martin Luther King ṣe wá sí Memphis, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pa á ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún yẹn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, Tré Seals, ló dá ilé iṣẹ́ fọ́ǹtì kan sílẹ̀ ní 2016. Vocal lorúkọ rẹ̀. Ó wo lẹ́tà ara páálí Memphis yẹn, ó fi ṣe fọ́ǹtì, ó pè é ní Martin. Páálí kan kò lè ní A títí dé Z. Ó ní láti wo èyí tó wà, kó fi òye ya èyí tí kò sí, kí wọ́n lè jọ ọmọ ìyá kan náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí àwọn akólẹ̀ yẹn ń béèrè, ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ sáìnbọ́ọ̀dù bàbá mi gan-an ni.

OHÙN KARÙN-ÚN

Mo ti fẹ́ parí. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àmì tiwa ló ṣòro. Bíbélì Yorùbá odindi ti jáde láti 1884, àmì ìsàlẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìwé kíkà ti ní in tipẹ́. Lẹ́tà ìpolówó ni kò ní in, nítorí pé àwọn tó ń jí lẹ́tà àtijọ́ dìde ń jí i bó ṣe wà nínú àpótí. Ohun tí kò sí nínú àpótí nígbà náà kò ní fúnra rẹ̀ wọlé.

Nínú kọ̀ǹpútà, ìwé àkọsílẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Unicode. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ní nọ́ńbà, Ọ ní nọ́ńbà, Ṣ náà ní. Àmọ́ tí Ọ bá gbé àmì ohùn sórí, kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n máa so pọ̀, ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ló sì máa tọ́ka sí ibi tí àmì náà máa jókòó sí. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àmì lè fò lọ sórí lẹ́tà kejì. Ohun kan tún yà mí lẹ́nu. Àwọn ará Vietnam náà ń kán àmì sísàlẹ̀ E àti O. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí fọ́ǹtì tó ní Ẹ tó ní Ọ, ṣùgbọ́n tí kò ní Ṣ. Ará Vietnam kò nílò Ṣ. Àwọn béèrè tiwọn, wọ́n sì rí i gbà. Àwa kàn ń jẹ nínú rẹ̀ ni.

Mo padà lọ bá ọmọ Hausa wa. A jókòó tì í. Ó mú àmì ìdánudúró inú fọ́ǹtì sísanra yẹn, ó sọ ọ́ di àwòrán, ó gbé e sábẹ́ O. Ara kan náà ni wọ́n, wọ́n bára mu. Ó gé ìlà kan láti ara lẹ́tà W, ó dà á sí òsì, ó fi ṣe àmì ohùn. Wákàtí kan péré ló gbà wá. Báńà tuntun ti wà níta báyìí: Ọ̀WỌ̀ NI ÒWÒ. Bàbá ará Ìbàdàn yẹn kọjá, wọ́n wò ó, wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ṣí fìlà díẹ̀, wọ́n kọjá lọ. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe báńà, kó tó sanwó, kó ní kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ kan fún òun: Ẹ̀ṢỌ́. Ẹ wà nínú rẹ̀, Ṣ wà, Ọ wà, àmì ohùn wà lórí. Tí gbogbo rẹ̀ bá sanra bákan náà, fọ́ǹtì náà dáa. Tí ọ̀kan bá tín-ín-rín, ẹ mú òmíràn, tàbí kí ẹ ṣe bí a ti ṣe. Kí ẹ sì wo iṣẹ́ náà dáadáa kí ẹ tó ní ó dáa. Ẹ má ṣe bíi tèmi nínú ọkọ̀.

Ohun tó kù nìyí. Mi ò ju pákó bàbá mi nù. Ó wà ní sítọ̀. Mo fi ìtàn Memphis hàn ọmọ náà, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya lẹ́tà átíìsì yẹn sínú kọ̀ǹpútà. Ó ní lẹ́tà mẹ́rin ni òun rí: O, W, N, I. Mo ní rárá o, lédè tiwa, márùn-ún ni, Ọ kì í ṣe O. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ márùn-ún sílẹ̀. Fọ́ǹtì tí Ọ bá ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, ẹnikẹ́ni kò ní tún máa yá a.

Àmọ́ márùn-ún kò tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí ìyá yín fi sáìnbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kọ sílẹ̀ fún yín, ẹ má tíì fi dáná, ẹ má tíì fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, ẹ dúró níwájú rẹ̀ gbọọrọ, ẹ fi síbí. Ẹ̀yin ará Jos, mo mọ̀ pé sáìnbọ́ọ̀dù àtijọ́ kò wọ́n lọ́dọ̀ yín. Ṣ ni à ń wá jù. G náà, B náà, GB.

  Àwọn tí wọ́n ní ìbéèrè, ẹ sọ ọ́ lóhùn, màá dáhùn lọ́la lẹ́yìn ọjà.